Mẹ́séńjà Tó Di Òǹkọ̀wé: Ìtàn Ìwé Àkọ́kọ́ Amos Tútùọlá

Kí ìtàn wà nínú ènìyàn, ọ̀tọ̀ ni. Kí ìtàn náà di ìwé tí ẹlòmíràn lè rà kà, ọ̀tọ̀ ni. Ọ̀nà tó wà láàárín méjèèjì jìn. Ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́, àwọn tó mọ àlọ́ pọ̀ láàárín wa. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọn a ní: «Èmi tí n kò kàwé púpọ̀, kí ni mo fẹ́ kọ?» Ìtàn ọkùnrin ará Abẹ́òkúta kan wà tó lè dáhùn ìbéèrè yìí. Amos Tútùọlá ni orúkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á wo bí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ ṣe jáde.

Ọdún mẹ́fà nílé-ẹ̀kọ́

Ọdún 1920 ni a bí Tútùọlá ní Abẹ́òkúta. Àgbẹ̀ oníkòkó ni àwọn òbí rẹ̀, owó kò sì pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tó ṣì kéré, wọ́n fi í sọ́dọ̀ ọkùnrin Íbò kan láti máa ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Ọkùnrin náà kò san owó iṣẹ́ fún un; dípò owó, ó fi í sí ilé-ẹ̀kọ́. Báyìí ni Tútùọlá ṣe mọ ìwé. Ọdún mẹ́fà péré ló lò nílé-ẹ̀kọ́, láti 1934 sí 1939. Ní 1939 bàbá rẹ̀ kú, kò sì sí ẹni tí yóò máa sanwó ilé-ẹ̀kọ́ mọ́.

Ó lọ kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ. Láti 1942 sí 1945, nígbà ogun, ó ṣe iṣẹ́ náà fún àwọn ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Nàìjíríà. Nígbà tí ogun parí, iṣẹ́ náà parí. Ó gbìyànjú oríṣiríṣi iṣẹ́, títí kan búrẹ́dì títà. Níkẹyìn ó rí iṣẹ́ mẹ́séńjà ní Èkó, ní ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́.

Gbogbo wa la mọ bí iṣẹ́ mẹ́séńjà ṣe rí. Ènìyàn a jókòó, a máa dúró de ìgbà tí ọ̀gá yóò pè é láti rán an níṣẹ́. Bí a kò bá pè é, ojúmọ́ a gùn. Tútùọlá fi pẹ́ńsù àti àjákù ìwé pa àkókò yìí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ àlọ́ sílẹ̀.

Kí ló mú un ronú pé òun lè kọ̀wé?

Nígbà náà, àlọ́ Yorùbá ti di ìwé rí. Ní 1938 ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà jáde. Ṣùgbọ́n tíṣà ni Fágúnwà. Ó ti jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì St Andrew's ní Ọ̀yọ́. Ní 1936, ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ti pe àwọn ènìyàn láti wá fi ìwé kíkọ díje, ibẹ̀ ni ìwé rẹ̀ gbà jáde. Tútùọlá kò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, kò sì ní ẹni tó pè é wá díje.

Ó sọ lẹ́yìn náà pé ìwé ìròyìn kan tó ń jẹ́ Nigeria Magazine ló ṣí òun lójú. Ó rí i pé wọ́n ń polówó àwọn ìwé ìtàn níbẹ̀. Ó rántí pé nígbà tí òun wà nílé-ẹ̀kọ́, òun mọ àlọ́ pa dáadáa. Kí ló dé tí òun náà kò lè kọ ọ́?

Ìwé tó kọ́kọ́ rán lọ

Ìwé tó kọ́kọ́ kọ dá lórí ọdẹ kan tó wọ igbó àwọn iwin. Ta ni yóò rán an sí? Ní òpin àwọn ọdún 1940, ó rán an sí Focal Press ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìwé nípa fọ́tò yíyà ni ilé-ìtẹ̀wé yìí ń tẹ̀, kì í tẹ ìwé àlọ́. Ìwé náà kò jáde nígbà náà. Ọdún 1982 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ẹni tó kọ ọ́ ti lé ní 60 ọdún.

Ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó lè fi ọ̀nà han Tútùọlá. Ẹni tó ní ọ̀rẹ́ láàárín àwọn òǹkọ̀wé a mọ ilé-ìtẹ̀wé tó yẹ kí òun lọ. Ẹni tí kò ní, àfi kó máa kan ilẹ̀kùn tó bá rí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Tútùọlá kò dáwọ́ dúró.

Ilẹ̀kùn kejì

Ó kọ òmíràn. Ọjọ́ díẹ̀ ló fi kọ ọ́ lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ló tún un kọ, tó sì mú un gùn sí i. Ìtàn ọkùnrin kan ni, tí kò mọ iṣẹ́ mìíràn ju ẹmu mímu lọ láti ọmọ ọdún 10. Bàbá rẹ̀ fún un ní oko tí ọ̀pẹ inú rẹ̀ jẹ́ 560.000, ó sì wá adẹ́mu kan fún un. Lọ́jọ́ kan adẹ́mu já bọ́ láti orí ọ̀pẹ, ó kú. Ọ̀mùtí wá dìde, ó ní òun yóò wá adẹ́mu òun lọ sí ìlú àwọn òkú. Ní ọ̀nà, ó pàdé ọkùnrin arẹwà kan tó yá ẹ̀yà ara lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Nígbà tó dá gbogbo rẹ̀ padà fún àwọn tó ni ín, agbárí nìkan ló kù. Ọ̀pọ̀ wa ti gbọ́ irú àlọ́ yìí lẹ́nu ìyá wa àgbà.

Ó fi èdè òyìnbó kọ ọ́, gẹ́gẹ́ bó ṣe mọ̀ ọ́n. Ó rí ìpolówó ẹgbẹ́ kan tó ń tẹ ìwé onígbàgbọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì rán an sí wọn. Irú ìwé yìí kọ́ ni àwọn yẹn ń tẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò jù ú nù: wọ́n fi í ránṣẹ́ sí Faber and Faber, ilé-ìtẹ̀wé ńlá tí akéwì T. S. Eliot jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá rẹ̀. Faber gbà á. Ní 1952 ìwé náà jáde, The Palm-Wine Drinkard ni orúkọ rẹ̀. Wọn kò pa èdè Tútùọlá dà tán. Wọ́n tún ibi díẹ̀ ṣe, wọ́n sì tẹ ojú ìwé kan tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sínú ìwé náà, kí òǹkàwé lè rí i.

Ìyìn níbì kan, èébú níbòmíràn

Ní oṣù keje 1952, akéwì Dylan Thomas yin ìwé náà gidigidi nínú ìwé ìròyìn The Observer. Ní 1953, òǹkọ̀wé Raymond Queneau túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Faransé, ó pè é ní L'Ivrogne dans la brousse. Báyìí ni àlọ́ ọmọ Abẹ́òkúta ṣe di ohun tí ẹni tó kàwé Faransé ní Kùtọnú tàbí ní Lomé lè kà.

Ṣùgbọ́n nílé, inú ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé kò dùn. Wọ́n ní òyìnbó rẹ̀ kò tọ́, wọ́n ní ó ń dójú ti àwọn. Kí á má tètè dá wọn lẹ́bi. Nàìjíríà kò tíì gba òmìnira nígbà náà. 1960 ló gbà á. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé àwọn òyìnbó yóò fi ìwé yìí sọ pé aláwọ̀ dúdú kò gbọ́n. Lóòótọ́, àwọn kan nínú àwọn òyìnbó tó yìn ín fi í ṣe ohun ìran. Síbẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé náà wo àṣìṣe gírámà, wọn kò wo ìtàn.

Kí ni Tútùọlá ṣe? Ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ kí ìmọ̀ rẹ̀ lè pọ̀ sí i, ó sì ń kọ̀wé lọ. Ní 1954 ìwé rẹ̀ kejì jáde. Ìwé kò sọ ọ́ di olówó. Ó ṣì ń ṣe iṣẹ́ oṣù, lẹ́yìn náà ní ilé-ẹrù ti ilé-iṣẹ́ rédíò ní Ìbàdàn. Ní 1977, Chinua Achebe, òǹkọ̀wé tí gbogbo ayé mọ̀, sọ àsọyé ní Yunifásítì Ìbàdàn láti fi hàn pé ọgbọ́n ńlá wà nínú ìwé Ọ̀mùtí. Tútùọlá ṣì wà láyé láti gbọ́ ọ. Ọdún 1997 ló kú.

Ohun kan ṣì kù tí ó yẹ kí á rántí. Ní 1963, Kọ́lá Ògúnmọ́lá àti àwọn òṣèré rẹ̀ fi ìtàn Ọ̀mùtí ṣe eré ní èdè Yorùbá. Àlọ́ tó kúrò nílé ti dé Lọ́ńdọ̀nù, ó ti dé Paris, kó tó padà wá bá àwọn tó ni ín ní èdè wọn.

Ẹ̀yin ará, àwa ti ń kọ́ láti kọ èdè tiwa báyìí. Àlọ́ tiwa kò ní láti rin ìrìn yẹn kó tó dé ọwọ́ àwọn ọmọ wa. Bí gírámà bá wọ́, a lè tún un ṣe lọ́la. Ṣùgbọ́n àlọ́ tí àgbà bá gbé lọ sí sàréè, ta ni yóò tún un kọ?