Ààwẹ̀ Lẹ́ńtì àti Ìgbé-ayé Òòjọ́ ní Agbègbè Ọ̀tà: Láti Ààlà Oko dé Ẹnu Ọ̀nà Ilé-iṣẹ́

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ebi bá wọ inú, ọ̀rọ̀ mìíràn kì í wọ̀ ọ́. Lójú ẹni tó gba òwe yìí gbọ́, ohun ìyanu ni kí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ fi ebi pa ara rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lè wọ̀ ọ́ nínú. Síbẹ̀, ohun tí Lẹ́ńtì ń pe onígbàgbọ́ sí lọ́dọọdún nìyẹn. Àpilẹ̀kọ yìí yẹ ìtàn ààwẹ̀ náà wò ní agbègbè Ọ̀tà, láti ìgbà àwọn míṣọ́nnárì títí di ayé ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Ohun tí ó fẹ́ fi hàn ni pé ààwẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ nìkan láti ìpìlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀, owó ọ̀yà àti ọwọ́ tí ènìyàn fi mú ọmọnìkejì rẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Ìpìlẹ̀ Ààwẹ̀ náà àti Orúkọ Rẹ̀

Ìgbìmọ̀ ìjọ tó péjọ sí Nicaea ní ọdún 325 ti mẹ́nu ba àkókò ogójì ọjọ́ tó ṣáájú Ọdún Àjíǹde. Láti Ọjọ́rú Eérú títí di Sátidé tó ṣáájú Àjíǹde jẹ́ ọjọ́ 46. Bí a bá yọ ọjọ́ Ìsinmi mẹ́fà kúrò, nítorí pé ọjọ́ ayọ̀ ni Ìsinmi, ó ku 40, èyí tó ń rán ìjọ létí ogójì ọjọ́ tí Jésù lò nínú aginjù.

Ní ti orúkọ rẹ̀, àwọn míṣọ́nnárì kọ́ ló dá ọ̀rọ̀ náà ‘ààwẹ̀’ sílẹ̀. Ó ti wà lẹ́nu àwọn Mùsùlùmí Yorùbá kí Bíbélì tó di èdè Yorùbá. Reichmuth (1988) fi hàn pé èdè Songhay ni ọ̀pọ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti wọlé, tí ‘àlùfáà’ wà lára wọn. ‘Àdúrà’ àti ‘ìwàásù’ sì ní orírun nínú èdè Lárúbáwá. Irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni Samuel Ajayi Crowther bá nílẹ̀, tí ó sì mú lò nínú iṣẹ́ ìtúmọ̀ rẹ̀. Àyọkà láti inú Ìwé Àdúrà jáde ní èdè Yorùbá ní 1850. Odindi Bíbélì jáde ní 1884. Nípa báyìí, láti ọjọ́ tí Lẹ́ńtì ti dé ilẹ̀ Yorùbá, ẹnu aládùúgbò ni ó ti yá orúkọ.

Ègún Ọjọ́ Àkọ́kọ́ àti Ààlà Oko

Ìlú Àwórì tí ogun ti fọ́ ni Ọ̀tà nígbà tí ìhìnrere dé ibẹ̀. Àwọn Ẹ̀gbá ti ṣẹ́gun rẹ̀ ní nǹkan bí 1842. Ní 1854 ni James White, ọmọ Sàró tó jẹ́ òṣìṣẹ́ C.M.S., wá ṣiṣẹ́ ní ìlú náà, tí òkìkí eégún àti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ rẹ̀ kàn. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà lára àwọn ìwé C.M.S. tó wà ní Yunifásítì Birmingham, Peel (2000) sì lò ó púpọ̀.

Ìjọ Áńgílíkà ni White ń ṣojú fún. Nínú Ìwé Àdúrà ìjọ náà ti 1662, ètò ìsìn kan wà tí a yàn fún ọjọ́ àkọ́kọ́ Lẹ́ńtì. Nínú rẹ̀, àlùfáà a máa ka ègún Ọlọ́run sórí àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ kan, ìjọ a sì máa ṣe àmín. Lára wọn ni ẹni tó bá yẹ ààlà ọmọnìkejì rẹ̀, ẹni tó bá yí ẹjọ́ àlejò, ọmọ aláìníbaba àti opó po, àti ẹni tó ń fi ipá gba ohun ẹlòmíràn. Ó yẹ kí a ṣe àkíyèsí pé kò sí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí tó kan oúnjẹ.

Fún Yorùbá, ọ̀rọ̀ ààlà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Pèrègún ni wọ́n ń gbìn sí i, ẹni tó bá sì hú u ti dá ìjà ìran méjì sílẹ̀. Ní ìlú tí ogun ti fọ́ rí, irú ègún bẹ́ẹ̀ yóò ní ìtumọ̀ tó jinlẹ̀.

Láti Oko dé Ilé-iṣẹ́

Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn Kírísítẹ́nì Èkó bẹ̀rẹ̀ oko kòkó ńláńlá ní Agége, tí kò jìnnà sí Ọ̀tà. Gbajúmọ̀ láàrin wọn ni Jacob Kehinde Coker, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ìjọ African Church tó dá dúró ní 1901. Àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí gba alágbàṣe, wọ́n sì ń san owó ọ̀yà. Báyìí ni ìbéèrè tuntun ṣe yọjú ní agbègbè náà: kí ni ojúṣe onígbàgbọ́ tó ní òṣìṣẹ́ lábẹ́?

Ìbéèrè náà di ńlá lẹ́yìn tí a dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní 1976. Láti ìparí àwọn ọdún 1970, ilé-iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kún Sango àti Ọ̀tà, wọ́n sì gba ojú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò lọ sí Àtàn, níbi tí ọ̀nà Agbára ti yà. Oko di ilẹ̀ títà, ìjà ààlà sì pọ̀ láàrin ọmọ onílẹ̀ àti ẹni tó ra ilẹ̀. Ìjọ tuntun náà dé. Ilé ìsìn Faith Tabernacle ti ìjọ Living Faith, tó ní ìjókòó 50,000, ni a yà sí mímọ́ ní Ọ̀tà ní 1999. Ààwẹ̀ ọjọ́ 21 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni ìjọ yìí mọ̀ jù, kì í ṣe Lẹ́ńtì. Ìjọ kan ń fi ààwẹ̀ ṣí ọdún, òmíràn ń fi í dúró de Àjíǹde. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ kan náà ni ọmọ ìjọ méjèèjì ń gbà wọlé láàárọ̀.

Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti le. Òṣìṣẹ́ tí a ń sanwó ojúmọ́ fún, tó ṣe iṣẹ́ alẹ́ mọ́jú, tó sì ń jẹun lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ nítorí àìrówó, kí ni yóò tún fi sílẹ̀ ní Lẹ́ńtì? Póòpù Paul Kẹfà fèsì sí irú ìbéèrè yìí nínú ìwé rẹ̀ Paenitemini ní 1966. Ó dín ọjọ́ ààwẹ̀ tó jẹ́ dandan kù sí méjì, ó sì sọ pé níbi tí ayé ti le fún ènìyàn, kí onígbàgbọ́ fi ìyà rẹ̀ rúbọ nínú àdúrà, bí ó ti ń wá ìdájọ́ òdodo láwùjọ. Wòlíì Aísáyà ti ṣáájú rẹ̀. Nínú orí kejìdínlọ́gọ́ta ìwé rẹ̀, ó bá àwọn tó ń gbààwẹ̀ wí, nítorí pé lọ́jọ́ ààwẹ̀ gan-an ni wọ́n ń ni òṣìṣẹ́ wọn lára.

Òfin ìjọba pàápàá kò dákẹ́. Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé àdéhùn láàrin oṣù mẹ́ta, owó oṣù tó kéré jù sì di ₦70,000 ní 2024. Agbanisíṣẹ́ tó ń pa ẹran tì ní Lẹ́ńtì, tó sì ń jẹ owó òṣìṣẹ́ mọ́lẹ̀, ti hú pèrègún ẹlòmíràn. Owó ọ̀yà ni ààlà òde òní.

Àgbálọgbábọ̀

Ní 2025, Ràmàdáànì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹta, Ọjọ́rú Eérú sì bọ́ sí ọjọ́ karùn-ún. Mùsùlùmí àti Kírísítẹ́nì jùmọ̀ wà nínú ohun tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ń jẹ́ ní èdè wọn. Èyí jẹ́ àǹfààní fún olùkọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó wà ní kíláàsì ní Àtàn àti Sango ni ó mọ ohun tí ebi jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ wọn ní ààwẹ̀. Kíka iye ọjọ́ Lẹ́ńtì fún wọn kò tó. Ó yẹ kí olùkọ́ fi ìtàn hàn wọ́n pé ọjọ́ tí ìjọ yàn láti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ni ó yàn láti fi ẹni tó ń rẹ́ aláìní jẹ gégùn-ún, kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹni tó gbààwẹ̀ láì fọwọ́ kúrò lára ohun ẹlòmíràn, ebi lásán ló pa á.