ILÉ KÍKỌ́ ÀTI ILÉ TÍTỌ́JÚ: ÌTÀN ÀWỌN ILÉ ÀTIJỌ́ ÀTI OMI TÍ Ń JẸ ÒGIRI

  

  Ní irú ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ báyìí, ọ̀rọ̀ ilé tí a fẹ́ kọ́ ló máa ń gba ẹnu gbogbo ènìyàn. Àwa fẹ́ fi ojú-ewé yìí sọ ìtàn àwọn ilé tí a ti kọ́ tipẹ́, èyí tó dúró àti èyí tó wó. Inú ìtàn wọn ni a ó ti mọ ohun tí owó tí a ń dá lónìí lè dà lọ́jọ́ ọ̀la.

Kí símẹ́ńtì tó dé ilẹ̀ wa, amọ̀ ni àwọn baba wa fi ń mọ ilé. Wọ́n á fi ẹsẹ̀ gún amọ̀ náà títí yóò fi rọ̀ dáadáa, wọ́n á mọ ọ́n ní ìpele ìpele, wọ́n á sì jẹ́ kí ìpele kan gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ògiri wọn nípọn, òrùlé wọn sì yọ síta kí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ má baà rọ̀ sára ògiri. Ṣùgbọ́n wọn kò kọ́ ilé tán kí wọ́n pa á tì. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, wọ́n á tún ògiri rẹ́, wọ́n á sì fi koríko tuntun dí ibi tó ń jò. Ní Ọ̀yọ́, ọdún kan wà tí a fi orúkọ koríko bẹẹrẹ pè, nígbà tí àwọn ènìyàn máa ń ru koríko náà wá fún Aláàfin láti fi bo òrùlé ààfin. Títún ilé ṣe jẹ́ iṣẹ́ gbogbo ìlú, ó sì ní àsìkò tirẹ̀ nínú ọdún.

Nígbà tó di ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn Àgùdà tí wọ́n ti ilẹ̀ Brazil padà dé sí Èkó mú iṣẹ́ bíríkìlà àti kápẹ́ńtà bọ̀ wálé. Ọ̀kan nínú wọn, João Baptista da Costa, ló gbé iṣẹ́ Mọ́sálásí Shitta-Bey. Ẹnì kan ló ná owó ibẹ̀. Oníṣòwò ni, Mohammed Shitta, ọmọ Yorùbá tí a bí sí Waterloo ní ilẹ̀ Sàró. Ní ọjọ́ 4, oṣù Keje, ọdún 1894, a ṣí mọ́sálásí náà lójú Gómìnà Gilbert Carter. Abdullah Quilliam, Mùsùlùmí láti Liverpool, ló ṣojú Sultan ilẹ̀ Tọ́kì, ẹni tó fi oyè Bey dá Shitta lọ́lá. Ní ọdún 1895, Shitta Bey jáde láyé.

Ẹ jẹ́ kí a ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ẹni tó kọ́ mọ́sálásí náà kò lò ju nǹkan bí ọdún kan lọ lẹ́yìn ìṣílé rẹ̀. Síbẹ̀, ní ọdún 2013, ìjọba àpapọ̀ kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé ìtàn fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Àwọn wo ló gbé e dé ibẹ̀? Àwọn tó wá lẹ́yìn ni: àwọn tó gun òrùlé, tó kó pàǹtí kúrò nínú gọ́tà, tó sì dáwó nígbà tí kò sí ayẹyẹ, tí kò sì sí ẹni tó pè wọ́n sórí pèpéle.

Ilé àtijọ́ kì í ṣàdédé wó nítorí pé ó ti dàgbà. Omi ni ọ̀tá rẹ̀, ọ̀nà mẹ́ta sì ni omi ń gbà wọlé. Èkíní ń ti òkè wá, láti ara páànù tó ti dípẹtà tàbí gọ́tà tó dí. Èkejì ń ti ẹ̀gbẹ́ wá, nígbà tí òjò bá ń na ògiri tàbí tí omi àlúwàlá bá ń ta sí i lára lójoojúmọ́. Ẹ̀kẹta ló fara sin jù, nítorí láti inú ilẹ̀ ni omi ti ń gun ògiri, gẹ́gẹ́ bí kẹrosíìnì ṣe ń gun òwú àtùpà. Ẹ ó rí i tí ọ̀dà ń bó ní ìsàlẹ̀ ògiri, tí ìlà omi ń hàn, tí ohun funfun bí ìyẹ̀fun sì ń yọ jáde. Iyọ̀ inú ilẹ̀ ni. Omi ló gbé e gòkè, bí omi bá sì gbẹ tán, iyọ̀ á kù sínú ògiri, á máa fọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni igi yóò jẹrà, tí ikán yóò sì dé. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀.

Láti ọdún 1960 tí ilé-iṣẹ́ símẹ́ńtì Ewékorò ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, símẹ́ńtì sún mọ́ ọwọ́ wa, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì fi rẹ́ ilé alámọ̀ tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, ṣùgbọ́n símẹ́ńtì le ju amọ̀ lọ. Amọ̀ a máa wú bí ó bá rin, a sì máa sún kì bí ó bá gbẹ. Símẹ́ńtì kò lè bá a ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà yóò sán. Omi á gba ojú sísán wọlé, kò sì ní rọ́nà jáde mọ́, bí ẹni tó wọ aṣọ òjò onírọ́bà sùn nínú ooru. Lójú, ògiri náà ń dán. Nínú, ó ti di ẹrẹ̀.

Ohun tó tọ́ ni kí a kọ́kọ́ wá ibi tí omi ti ń wá. Kí a tún òrùlé ṣe, kí a gbẹ́ ojú àgbàrá kí omi lè ṣàn kúrò nídìí ilé, kí a sì wa erùpẹ̀ tó ti ga bo ẹsẹ̀ ògiri kúrò. Lẹ́yìn èyí ni a ó ha símẹ́ńtì náà kúrò, tí a ó jẹ́ kí ògiri gbẹ, tí a ó wá fi amọ̀ àti yanrìn tún un rẹ́. Ẹni tó bá fi ọ̀dà tuntun bo ògiri tó rin, ó fi agbádá bo egbò ni.

Ní ìlú Djenné ní ilẹ̀ Mali, mọ́sálásí ńlá kan wà tí a fi amọ̀ kọ́ ní ọdún 1907. Lọ́dọọdún, kí òjò tó dé, gbogbo ìlú ló ń jáde láti rẹ́ ẹ. Àwọn ọ̀dọ́ ń ru amọ̀, àwọn obìnrin ń pọn omi, àwọn ọ̀gá bíríkìlà sì ń gun àwọn igi tó yọ síta lára ògiri. Ní ọdún 2009, òjò ńlá wó òkè ọ̀kan nínú àwọn ilé-ìṣọ́ rẹ̀, wọ́n sì tún un kọ́. Àwọn ará ibẹ̀ tún ń sọ ìtàn mọ́sálásí tó ṣáájú èyí. Wọ́n ní Seku Amadu, tó ṣẹ́gun ìlú náà, kò fẹ́ ilé náà, ṣùgbọ́n kò tọ́ kí ó fi ọwọ́ wó ilé Ọlọ́hun. Ó ní kí wọ́n dí ojú gọ́tà. Òjò ló bá a ṣe ìyókù.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, gọ́tà tí a fi ọwọ́ dí àti gọ́tà tí a kò kó pàǹtí inú rẹ̀, ọ̀kan náà ni lójú òjò.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé orúkọ ńlá lè gba ilé sílẹ̀. Ilé Ìlójò ní Tinúbú, tí àwọn Àgùdà kọ́ ní ọdún 1855, di ilé ìtàn orílẹ̀-èdè ní ọdún 1956. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, a wó o palẹ̀.

Nínú Súrà Táóbà, áyà kejìdínlógún, Ọlọ́hun sọ̀rọ̀ nípa àwọn tó ń ṣe ìmójútó àwọn mọ́sálásí Rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tó wà níbẹ̀ gba kíkọ́, ó gba títúnṣe, ó sì gba kí ènìyàn máa lò ó. Nítorí náà, a ń bẹ̀ yín: nínú owó tí ẹ bá fi sílẹ̀ fún ilé tuntun yìí, ẹ jẹ́ kí a ya ìpín kan sọ́tọ̀ fún àtúnṣe ọdọọdún. Kí ibi àlúwàlá jìnnà sí ògiri. Kí a gbé ilẹ̀ ilé sókè. Kí a yan àwọn tí yóò máa yẹ òrùlé àti gọ́tà wò kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. A kì í kọ orúkọ ẹni tó kó pàǹtí gọ́tà sára òkúta ìpìlẹ̀, ṣùgbọ́n Ọlọ́hun mọ̀ ọ́n.

Kí Ọlọ́hun gba ọrẹ lọ́wọ́ yín, kí Ó fi èyí tó dára ju èyí tí ẹ ná lọ rọ́pò rẹ̀. Kí ilé tí a ń kọ́ yìí má di ahoro, kí àwọn ọmọ ọmọ wa máa kírun nínú rẹ̀ ní gbígbẹ àti ní àlàáfíà. Àmín.