Ta Ló Mọ Bí Caboose Ṣe Gùn Tó?

Láyé àtijọ́ ní Amẹ́ríkà, ilé kékeré kan a máa wọ́ tẹ̀lé ọkọ̀ ojú irin ẹlẹ́rù lẹ́yìn pátápátá. Púpọ̀ nínú wọn pupa. Caboose ni wọ́n ń pè é. Ibẹ̀ ni gáàdì ti ń ṣiṣẹ́, tó ń sùn, tó ń gbọ́únjẹ, tó sì ń yọjú ṣọ́ ẹrù. Láàárín 1980 sí 1990 ni ẹ̀rọ kékeré kan gbaṣẹ́ lọ́wọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Ìyọnu wá bá àwọn tó ń fi igi àti ike ṣe ọkọ̀ ojú irin kéékèèké. Níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí ìwọ̀n rẹ̀? Gbèsè dé ilé iṣẹ́ tó jogún Pennsylvania Railroad mọ́lẹ̀ ní 1970. Ọpẹ́lọpẹ́ ilé ìkàwé Hagley ní Delaware, tó kó ọ̀pọ̀ ìwé rẹ̀ pamọ́. Ẹ lè gbé tépù lọ wọn èyí tó wà ní ilé ohun àtijọ́, àmọ́ ẹ ṣọ́ra: fèrèsé tẹ́ ẹ rí lónìí lè má sí níbẹ̀ ní 1920.

Bí kò bá sí àwòrán ńkọ́? Ọgbọ́n tó wù mí jù nìyí. Ẹ wá fọ́tò tí wọ́n yà láti ẹ̀gbẹ́ gan-an, kì í ṣe láti igun o. Ẹsẹ̀ onírin ọkọ̀ ẹrù sábà máa ń jẹ́ ínṣì 33 láti etí dé etí. Bí ara ọkọ̀ bá gùn tó ẹsẹ̀ náà lọ́nà mọ́kànlá, ínṣì 363 nìyẹn, ẹsẹ̀ bàtà 30 ó lé díẹ̀. Ní ìwọ̀n HO, mìlímítà 3.5 ló dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan. Gbogbo ilé gáàdì ọ̀hún kò wá ju nǹkan bíi mìlímítà 106 lọ. Àtẹ́lẹwọ́ gbà á.