Ostracism

Ostracism jẹ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó túmọ̀ sí kí àwùjọ ta ẹnì kan nù, kí wọ́n má bá a da nǹkan pọ̀ mọ́. Inú èdè Gíríìkì àtijọ́ ló ti wá, láti ara ostrakon, ìyẹn àpáàdì. Àpáàdì ni àwọn ọmọ ìlú Áténì fi ń dìbò lé olóṣèlú tí agbára rẹ̀ bá ń bà wọ́n lẹ́rù kúrò nílùú.

Ọdún 487 ṣáájú ìbí Kristi ni wọ́n kọ́kọ́ lo òfin náà, lórí Hipparchos ọmọ Charmos. Lọ́dọọdún, ìpàdé ìlú á kọ́kọ́ pinnu bóyá ìdìbò máa wáyé. Bí wọ́n bá gbà, oníkálukú á ha orúkọ ẹni tó fẹ́ kó lọ sára àpáàdì, á sì mú un wá sí gbàgede ọjà. Ẹni tí ìbò bá lé ní ọjọ́ 10 láti kẹ́rù. Ọdún 10 ni yóò lò níta, àmọ́ ilé àti ilẹ̀ rẹ̀ ṣì jẹ́ tirẹ̀.

Themistocles, akọni ogun Salamis, wà lára àwọn tí wọ́n lé. Nínú kànga kan lẹ́bàá òkè Acropolis, àwọn awalẹ̀pìtàn rí nǹkan bí 190 àpáàdì tó ní orúkọ rẹ̀. Ọwọ́ èèyàn díẹ̀ ló kọ gbogbo wọn, èyí tó jọ pé ńṣe ni àwọn ọ̀tá rẹ̀ ti ha á sílẹ̀ láti pín in fáwọn olùdìbò.