Ta Ló Ń Sanwó Ìwé Ìròyìn? Géèmù Kan àti Ìtàn Àwọn Olóòtú Àtijọ́

Mẹ́rin ni a wà nínú yàrá kan ní Àgọ́-Ìwòyè lálẹ́ ọjọ́ tí iléeṣẹ́ wa wọ gbèsè. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan ṣoṣo ni gbogbo wa tẹjú mọ́. Géèmù tí à ń ta ni News Tower, tí iléeṣẹ́ Sparrow Night ṣe, tó kọ́kọ́ bọ́ sórí àtẹ ní oṣù kejì ọdún 2024. Ìlú New York láwọn ọdún 1930 ni ìtàn inú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Wọ́n á fa iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn kan tí nǹkan ò ṣẹnuure fún lé ọ lọ́wọ́. Ìwọ ni wàá gba akọ̀ròyìn, ìwọ ni wàá ra ẹ̀rọ wáyà tí ìròyìn ń gbà wọlé, ìwọ ni wàá gba àwọn tó ń to lẹ́tà, ìwọ náà ni wàá wá ìpolówó ọjà, kí ìwé ìròyìn tó lè jáde lọ́jọ́ Àìkú. Bí owó bá ṣe ń wọlé ni wàá máa kọ́ àjà lé àjà. Àwọn jàǹdùkú Máfíà, àwọn ológun, olórí ìlú àtàwọn olówó ìlú, kálukú wọn ló ní ohun tó fẹ́ kí o kọ, tó sì ní ohun tó fẹ́ kí o gbé mì.

A gba akọ̀ròyìn ju bí agbára wa ṣe mọ lọ. Ìròyìn wa dùn, ṣùgbọ́n owó ọ̀yà òṣìṣẹ́ mu wá lómi. Ọ̀kan nínú wa wá bú sẹ́rìn-ín, ó ní, “Ṣé kì í ṣe ohun tó ṣe wá lọ́jọ́sí náà nìyí?”

Òótọ́ ló sọ. Ní sáà tó kọjá, àwa mẹ́rin yìí fowó ara wa tẹ ìwé ìròyìn olójú-ewé mẹ́jọ kan lédè Yorùbá. Ẹ̀dà 100 ni a tẹ̀. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tó fi tán lọ́wọ́ wa. Wọ́n yìn wá títí, wọ́n ní a gbé èdè wa ga. Nígbà tí a ka owó, ti ẹ̀dà 38 péré ló wọlé. Àwọn yòókù ní tó bá di ìparí oṣù, àwọn á san. A ṣì ń retí ìparí oṣù náà. Atẹ̀wé náà ń retí tirẹ̀ lọ́wọ́ wa.

Ìbéèrè tó wá sí wa lọ́kàn lálẹ́ ọjọ́ náà rèé: ṣé àwa ni a kò mọ̀ ọ́n ṣe ni, àbí bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ìwé ìròyìn Yorùbá ṣe rí láti ìbẹ̀rẹ̀?

Okùn owó ẹyọ mẹ́ta

Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tí kò tíì kọ ọ́ sínú ìdánwò pé Henry Townsend, ajíhìnrere CMS, ló bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859. Abẹ́òkúta kò jìnnà sí wa, ìpínlẹ̀ Ògùn kan náà ni. Ohun tí a kì í sábà dúró lé lórí ni iye tí wọ́n ń tà á: 120 owó ẹyọ. Ogójì owó ẹyọ ni wọ́n máa ń sín sórí okùn kan láyé ìgbà náà, nítorí náà, okùn mẹ́ta gbáko ni ẹni tó bá fẹ́ ka ìròyìn gbọ́dọ̀ gbé kalẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹgbàá owó ẹyọ lọ́wọ́, ẹ̀dà mẹ́rìndínlógún ló lè rà, kí okùn méjì sì ṣẹ́kù fún un. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni ìwé náà ń jáde. Ìròyìn ìjọ, ìròyìn ìlú àti ọ̀rọ̀ òwò òwú wà nínú rẹ̀. Láti ọdún 1860 ni èdè Gẹ̀ẹ́sì ti wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe okùn mẹ́ta yìí ló ń bọ́ ìwé ìròyìn Townsend. Ìjọ ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìjọ ló ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ọ̀dọ̀ ìjọ ni wọ́n ti kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ń tẹ̀ ẹ́, ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ló sì kọ́ àwọn tó ń kà á níwèé. Ìdí nìyí tí ebi kò fi pa á. Ohun tó pa á ni ìjà àwọn alágbára. Nígbà tí ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbá àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó dàrú, tí Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1867, wọ́n lé àwọn òyìnbó kúrò nílùú, ilé ìtẹ̀wé bàjẹ́, ìwé ìròyìn sì dópin. Ẹni tó bá fi ẹ̀yìn ti igi, ọjọ́ tí igi bá wó ni òun náà máa ṣubú.

Ẹni tó ń dúró, ẹni tó ń dá dúró

Àwọn olóòtú tó dé lẹ́yìn kò ní ìjọ lẹ́yìn. Òwò ni tiwọn. Kí wọ́n tó tẹ ojú-ewé kan ni ìjọba ti ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ wọn. Òfin ìwé ìròyìn tí ìjọba amúnisìn ṣe ní Èkó ní ọdún 1903 ní kí olówó ìwé ìròyìn lọ forúkọ sílẹ̀, kó sì tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú àwọn onídùúró lórí 250 pọ́n-ùn. Owó ńlá ni lásìkò náà. Òfin ọ̀rọ̀ ìdìtẹ̀ sì tún tẹ̀ lé e ní 1909. Ní ọdún 1916, wọ́n ju James Bright Davies, olóòtú Times of Nigeria, sẹ́wọ̀n nítorí ohun tó kọ. Nínú géèmù, Máfíà ni ìbẹ̀rù wa. Ní Èkó, ìjọba fúnra rẹ̀ ni.

Síbẹ̀, wọn ò fà sẹ́yìn. Adéoyè Déníga gbé Èkó Àkéte jáde ní 1922. E. A. Akíntàn gbé Elétí Ọfẹ jáde ní 1923. Ní 1924, D. A. Ọbasá, akéwì tí gbogbo wa mọ̀, bẹ̀rẹ̀ Yoruba News ní Ìbàdàn. Ìwé Ìròyìn Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ dé ní 1925, I. B. Thomas sì gbé Akéde Èkó dé ní 1928. Ìwé ìròyìn márùn-ún láàárín ọdún méje, ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ tó mọ̀wé kà ni gbogbo wọn sì ń lé. Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Nínú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹnì kan náà lè jẹ́ olówó, olóòtú, akọ̀ròyìn àti ẹni tó ń lọ sin gbèsè. Ẹni tó bá ka àwọn ìwé ìròyìn ìgbà náà á rí i bí àwọn olóòtú ṣe ń bẹ àwọn òǹkàwé nínú ìwé ìròyìn fúnra rẹ̀ pé kí wọ́n jọ̀wọ́, kí wọ́n san owó tí wọ́n jẹ.

Sẹ̀gilọlá ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀

Nínú gbogbo wọn, Thomas ni a rò pé ó lóye òwò yìí jù. Ní oṣù keje ọdún 1929, lẹ́tà obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú Akéde Èkó. Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ ló pe ara rẹ̀. Ó ti darúgbó, àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀, ó sì ń ròyìn ayé fàájì tó jẹ àtàwọn ọkùnrin tó bá lò. Ọ̀sẹ̀ dé, lẹ́tà dé, títí di oṣù kẹta ọdún 1930. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé obìnrin náà wà láyé lóòótọ́, wọ́n sì ń kọ lẹ́tà sí olóòtú nípa rẹ̀. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́.

Ní kíláàsì, aáyan ìtàn àròsọ Yorùbá ni a fi ń kọ́ Sẹ̀gilọlá, a ó máa jiyàn bóyá òun ni ìtàn àròsọ ọlọ́rọ̀ gígùn àkọ́kọ́ lédè Yorùbá. Géèmù yìí ló jẹ́ ká rí apá kejì rẹ̀. Ẹni tó bá ti ka lẹ́tà kẹta kò ní fẹ́ kí ìkẹrin fo òun. Ìtàn náà ń mú kí òǹkàwé padà wá sídìí àtẹ. Nígbà tó sì parí, Thomas tún sọ ọ́ di ìwé ní 1930, ó tún tà á. Ọgbọ́n olóòtú tí kò fẹ́ kí iléeṣẹ́ rẹ̀ kú wà lára ohun tó bí ìwé tí à ń kà fún ìdánwò.

Ohun tí kò sí nínú géèmù

Ìgbà kejì tí a ta géèmù náà, a ṣe dáadáa. Akọ̀ròyìn díẹ̀ la gbà, ìpolówó ọjà la kọ́kọ́ wá. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a kò bá pàdé níbẹ̀ rárá: òǹkàwé onígbèsè. Ẹni tó ra ìwé ìròyìn wa ní New York ti sanwó nìyẹn. Kò sí ẹni tó ń sọ pé “máa bọ̀ lọ́la.” Kò sí àwọn tó máa ń rọ̀gbà yí àtẹ olùtàwé ká láàárọ̀, tí wọ́n á ka àkọlé tán, tí wọ́n á jiyàn òṣèlú tán, tí wọ́n á sì bá tiwọn lọ láìra ẹyọ kan.

A kò sọ pé àwọn èèyàn wa kò fẹ́ràn ìwé ìròyìn. Ìfẹ́ pọ̀. Ẹ wo Aláròyé: ọdún 1985 ni Aláàó Adédayọ̀ kọ́kọ́ gbé e jáde, kò dúró, àfi ní 1996 tó tó fìdí múlẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni ọkùnrin náà fi ń ṣubú tó ń dìde, òǹkàwé náà ló sì gbé e dúró níkẹyìn nígbà tí wọ́n ń fowó wọn rà á. Èdè kan náà ni lọ́dún méjèèjì. Ohun tó yàtọ̀ ni pé owó wọlé.

Ìdáhùn wa sí ìbéèrè alẹ́ ọjọ́ náà nìyí: iṣẹ́ náà le láti ìbẹ̀rẹ̀, àwa náà kò sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ìyìn kì í san owó atẹ̀wé. Nítorí náà, ẹ̀dà kejì máa jáde, ṣùgbọ́n àsansílẹ̀ ni. Ìtàn alápá-púpọ̀ kan wà nínú rẹ̀, tí a ò ní sọ òpin rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin àgbà wa tẹ́ ẹ ti jáde, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, àwa mẹ́rin kò ní ìjọ lẹ́yìn bíi Townsend. Ẹ̀yin la ní.

Ẹ̀yin 62 tẹ́ ẹ gba ẹ̀dà kìn-ín-ní láwìn, a ò bínú. Ẹ jọ̀wọ́, ìparí oṣù ti dé.