Ọjọ́ Méje Lẹ́yìn Ilé Ìwòsàn
HMO tí ilé-iṣẹ́ yín ń san owó fún yẹn? Ní 1973 ni Ààrẹ Nixon fọwọ́ sí òfin tó tì í lẹ́yìn ní Amẹ́ríkà. Bí ìtọ́jú bá ṣe ń pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni owó tó kù sí HMO lọ́wọ́ ń dínkù. Ẹ ti rí wàhálà ibẹ̀.

Wọ́n dá NCQA sílẹ̀ ní 1990 láti máa yẹ̀ wọ́n wò. Nínú òṣùwọ̀n rẹ̀, HEDIS, ìbéèrè kan wà: ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé ìwòsàn nítorí àìsàn ọpọlọ, ṣé ó rí olùtọ́jú láàárín ọjọ́ 7, tàbí 30? Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn wà lára ìgbà tí ewu pé ó lè pa ara rẹ̀ pọ̀ jù. Àmọ́ ìbẹ̀wò nìkan ni wọ́n ń kà. Bóyá ara onítọ̀hún yá, kò sí níbẹ̀.