Ìtàn Àyẹ̀wò Géèmù: Láti Ìdí Ọpọ́n Ayò Dé Orí Fóònù

Àyẹ̀wò géèmù ni iṣẹ́ tí ẹni tó ti gbá eré kan dáadáa ń ṣe nígbà tó bá ń ṣàlàyé fún ẹni tí kò tíì gbá a bí eré náà ti rí: ohun tó dára níbẹ̀, ohun tó kù díẹ̀ káàtó, àti bóyá ó tó ohun tí ènìyàn ń náwó lé lórí. Nínú ìwé ìròyìn, iṣẹ́ yìí kò ju nǹkan bí àádọ́ta ọdún lọ, ṣùgbọ́n àṣà tó bí i ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun mẹ́ta ló ń gbé e ró: kí aṣàyẹ̀wò fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbá eré náà, kí ó sọ ìdí ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí ó má sì jẹ́ kí ẹni tó ń ta eré fi owó dí i lẹ́nu. Ibi tí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti yẹ̀, ẹni tó ra géèmù ni ìyà rẹ̀ ń jẹ.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìdí ọpọ́n ayò ni ẹjọ́ eré ti bẹ̀rẹ̀. Ihò méjìlá ni ọpọ́n náà ní, mẹ́fà níwájú ẹni kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin ló ń wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 48. Bí ọmọ tó kẹ́yìn bá bọ́ sínú ihò ẹnìkejì, tí ó sì sọ iye ibẹ̀ di méjì tàbí mẹ́ta, ẹni tó ta á yóò jẹ ẹ́. Ọ̀ta ni wọ́n ń pe ẹni tó mọ̀ ọ́n ta. Ọ̀pẹ ni ẹni tí wọ́n ń pa láyò. Ní Gànmọ́, ní Òmù-Àrán, ní Ẹ̀ṣìẹ́ àti káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, àwọn òǹwòran kì í dákẹ́ nídìí ọpọ́n. Wọ́n ń yin ọ̀ta, wọ́n ń fi ọ̀pẹ ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n sì ń tọ́ka sí ihò tí ì bá ti kó ọmọ kí ọ̀rọ̀ tó bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ wọn níyì nítorí pé ojú gbogbo ènìyàn ló ń ṣe. Bí òǹwòran bá sọ pé ọ̀pẹ ṣi ayò ta, ọpọ́n wà níbẹ̀ tí yóò jẹ́rìí, bí ó bá sì ń sọ àsọjù, wọ́n lè ní kí òun náà jókòó kí ó ta á. Ẹni tí kò mọ ayò ta kì í pẹ́ sọ̀rọ̀ nídìí ọpọ́n.

Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú gbé eré yìí àti àwọn ẹbí rẹ̀ kọjá òkun, ó sì wà títí di òní ní Antigua àti Barbados, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní warri. Ní 1977, A. O. Odeleye kọ odindi ìwé kan lórí ayò, ó sì kó òfin àti ọgbọ́n rẹ̀ jọ fún ẹni tó fẹ́ kà. Ní 2002, John Romein àti Henri Bal ti Yunifásítì Vrije ní Amsterdam fi kọ̀ǹpútà yẹ irú ayò kan tí wọ́n ń pè ní awari wò tán pátápátá. Ipò tí ọmọ ayò lè wà lórí ọpọ́n lé ní bílíọ̀nù 889, àbájáde iṣẹ́ wọn sì ni pé bí ọ̀ta méjì tí kì í ṣe àṣìṣe bá pàdé, ọ̀mì ni wọn yóò ta. Ìṣirò yẹn sọ bí eré ṣe ń parí. Kò sọ ìdí tí ènìyàn fi ń jókòó tì í láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ìdí yẹn gan-an ni iṣẹ́ aṣàyẹ̀wò.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Atari gbé géèmù orí ẹ̀rọ tí wọ́n pè ní Pong jáde ní Amẹ́ríkà ní 1972, inú ilé ọtí àti ibi ìgbafẹ́ ni wọ́n gbé ẹ̀rọ náà sí. Ẹni tó bá fẹ́ gbá a yóò ju owó ẹyọ kan sínú rẹ̀. Bí kò bá dùn mọ́ ọn, owó ẹyọ kan náà ló pàdánù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Space Invaders tí Taito gbé jáde ní Japan ní 1978. Kò sí ẹni tó nílò aṣàyẹ̀wò fún irú eré bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yí padà nígbà tí géèmù wọ inú ilé. Láti 1977 tí Atari ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ̀rọ VCS, inú páálí ni wọ́n ń ta eré sí, olówó yóò sì ti sanwó kí ó tó mọ ohun tó rà. Àwòrán ara páálí a sì máa dára ju eré inú rẹ̀ lọ fíìfíì.

Àìní yìí ló bí iṣẹ́ náà. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, Bill Kunkel àti Arnie Katz bẹ̀rẹ̀ sí í kọ abala kan tí wọ́n pè ní Arcade Alley nínú ìwé ìròyìn Video. Ní 1981, àwọn méjèèjì àti Joyce Worley dá Electronic Games sílẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, Computer and Video Games jáde ní Britain. Gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò ìwé tàbí fíìmù ti ń ṣe ni wọ́n ṣe mú iṣẹ́ wọn: wọ́n ń sọ bí eré ṣe rí, wọ́n ń fi í wé irú rẹ̀ tó ti wà ṣáájú, wọ́n sì ń sọ ohun tó kù nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn olóṣooṣù kì í bá eré tuntun dé ọjà lẹ́ẹ̀kan náà. Fún ọdún Kérésìmesì 1982, Atari ní kí òṣìṣẹ́ rẹ̀, Howard Scott Warshaw, ṣe eré kan láti inú fíìmù E.T., nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré ni wọ́n sì fún un. Àwọn òbí rà á nítorí orúkọ fíìmù náà. Nígbà tí àwọn ọmọ gbá a, ihò tí wọ́n ń jìn sí ṣáá ni wọ́n bá pàdé, ọ̀pọ̀ páálí sì kún ilé ìkẹ́rùsí. Ní 1983, wọ́n kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀ lọ rì mọ́lẹ̀ ní Alamogordo ní New Mexico. Wọ́n hú díẹ̀ nínú rẹ̀ jáde ní 2014. Eré tí kò ní láárí pọ̀ lọ́jà nígbà náà débi pé ọjà géèmù Amẹ́ríkà, tó tó bílíọ̀nù 3.2 dọ́là ní 1983, wálẹ̀ sí nǹkan bí mílíọ̀nù 100 dọ́là ní 1985. Oníbàárà tí wọ́n ti tàn jẹ lẹ́ẹ̀mejì kò padà wá.

Ìlú kékeré ni ọ̀kan nínú àwọn àtúnṣe tó dára jù lọ ti wá. Ludlow wà ní Shropshire, nítòsí ààlà England àti Wales. Ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Newsfield ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ìròyìn Crash ní 1984 fún àwọn tó ní kọ̀ǹpútà Spectrum, àti Zzap!64 ní 1985 fún àwọn tó ní Commodore 64. Àwọn ọmọ ilé ìwé ìlú náà ni wọ́n pè wá gbá àwọn eré tuntun. Ẹni bíi mẹ́ta ló ń sọ èrò lórí eré kan, wọ́n sì ń tẹ èrò wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kódà bí wọn kò bá fẹnu kò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń fún eré ní máàkì nínú ọgọ́rùn-ún lórí àwòrán rẹ̀, lórí bí ó ṣe rọrùn tó láti bẹ̀rẹ̀, lórí bí ó ṣe ń fa ènìyàn mọ́ra, àti lórí bóyá ó tó owó rẹ̀. Òǹkàwé tó fẹ́ràn eré ogun lè mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá tirẹ̀ mu nínú àwọn mẹ́ta náà. Ọ̀nà tó jọ èyí ni ìwé ìròyìn Famitsu gbà ní Japan láti 1986: ènìyàn mẹ́rin, máàkì mẹ́wàá-mẹ́wàá, àpapọ̀ 40. Ọdún 1998 ni eré kan tó kọ́kọ́ gba 40 pé, ìyẹn The Legend of Zelda: Ocarina of Time. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Àwọn ìwé ìròyìn wọ̀nyí fi ìdí òwe náà múlẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí.

Íntánẹ́ẹ̀tì mú kí àyẹ̀wò yára. Ìkànnì GameSpot àti IGN bẹ̀rẹ̀ ní 1996, òǹkàwé sì lè rí àyẹ̀wò ní ọjọ́ tí eré jáde gan-an. Ní 2001, ìkànnì Metacritic bẹ̀rẹ̀ sí í kó máàkì ọ̀pọ̀ aṣàyẹ̀wò jọ, ó ń sọ wọ́n di nọ́ńbà kan ṣoṣo. Nọ́ńbà yẹn wá lágbára ju ọ̀rọ̀ lọ. Fallout: New Vegas jáde ní 2010. Ní 2012, Chris Avellone ti Obsidian tó ṣe eré náà sọ pé àjẹmọ́nú àwọn bọ́ nítorí pé Metacritic fún un ní 84, nígbà tí àdéhùn wà pé kí ó tó 85. Máàkì kan péré ló já owó gbà lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Láti ìgbà náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ ìròyìn mìíràn ti pa máàkì tì, tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ nìkan dájọ́.

Owó ìpolówó náà dá ìdánwò tirẹ̀ sílẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2007, GameSpot lé aṣàyẹ̀wò rẹ̀, Jeff Gerstmann, kúrò níṣẹ́ láìpẹ́ lẹ́yìn tí ó fún Kane & Lynch: Dead Men ní 6 nínú 10, nígbà tí ìpolówó eré kan náà gba gbogbo ojú ìkànnì náà. Ní 2012, Gerstmann ṣàlàyé pé àwọn ọ̀gá kò lè fara da ìkìlọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ géèmù pé àwọn yóò kó ìpolówó wọn lọ. Nígbà tí àyẹ̀wò bọ́ sórí YouTube, wàhálà náà tẹ̀lé e. Ní 2016, àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ oníbàárà ní Amẹ́ríkà, FTC, fẹ̀sùn kan Warner Bros. pé ó san owó fún àwọn tó ń ṣe fídíò láti yin Middle-earth: Shadow of Mordor, tí àwọn òǹwòran kò sì mọ̀ dáadáa pé wọ́n ti gbowó. Ilé-iṣẹ́ náà gbà láti má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ẹ̀kọ́ tó tún le ni ti Cyberpunk 2077, tí CD Projekt ti ilẹ̀ Pólándì gbé jáde ní ọjọ́ 10 oṣù kejìlá 2020. Eré ti kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n fún àwọn aṣàyẹ̀wò kí ó tó jáde, àwọn wọ̀nyí sì yìn ín. Àwọn tó rà á fún PlayStation 4 àti Xbox One bá eré tó ń dákú, tó ń jí. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, Sony yọ ọ́ kúrò ní ọjà PlayStation, ó sì di oṣù kẹfà 2021 kí ó tó padà. Irọ́ kọ́ ni àwọn aṣàyẹ̀wò pa. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi gbá a ni kì í ṣe ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ òǹkàwé.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Nàìjíríà gbọ̀ngbọ̀n. Géèmù alágbèéká oníbíríkì àti àwọn ẹ̀rọ tó fara wé Nintendo ló kọ́kọ́ wọ àdúgbò ní àwọn ọdún 1990, PlayStation sì tẹ̀lé wọn. Ilé géèmù wá di ibi ìpàdé àwọn ọ̀dọ́: tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀rọ géèmù, jẹnẹrétọ̀, àti bẹ́ǹṣì. Wọ́n ń sanwó fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí wọ́n bá nà yóò dìde, ẹni tó nà án yóò dúró de ẹlòmíràn. Àwọn tó ń dúró de ipò wọn nígbà náà a máa jiyàn lórí FIFA ti EA Sports àti Pro Evolution Soccer ti Konami: èwo ni bọ́ọ̀lù rẹ̀ jọ bọ́ọ̀lù, ti ọdún wo ló dára jù, ẹgbẹ́ wo ni wọ́n fún lágbára ju bó ti yẹ lọ. Àṣà ìdí ọpọ́n ayò ni wọ́n ń bá lọ. Àyẹ̀wò gidi ni, ṣùgbọ́n ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe é, ó sì ń bá afẹ́fẹ́ lọ.

Fóònù GSM dé ní 2001, ó sì gbé géèmù kúrò ní ilé géèmù sínú àpò. Ní 2012, Hugo Obi dá Maliyo Games, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe géèmù, sílẹ̀ ní Èkó. Láàárín ìgbà náà ni Abiọla Olaniran, tó jáde ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀, dá Gamsole, tí òun náà ń ṣe géèmù, sílẹ̀. Eré irú àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nílò aṣàyẹ̀wò tó mọ bí àwọn ènìyàn ibí ṣe ń gbé. Bí àpẹẹrẹ, Gànmọ́ wà lójú ọ̀nà tó ti Ìlọrin lọ sí Àjàṣẹ́-Ìpo, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn. Ọ̀kan nínú àwọn ibùdó ńlá ti TCN, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé iná mànàmáná káàkiri Nàìjíríà, wà níbẹ̀, síbẹ̀, bí ti ìlú Nàìjíríà gbogbo, iná ń lọ, ó ń bọ̀. Ẹni tó ń kọ àyẹ̀wò fún òǹkàwé irú ìlú bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ iye dátà tí eré ń jẹ, bí ó ṣe ń fa bátìrì tó, bóyá ó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú, àti bóyá ibi tí ènìyàn gbá a dé yóò ṣì wà níbẹ̀ bí fóònù bá kú lójijì. Aṣàyẹ̀wò tó ń gbé London lè má rántí láti bèèrè wọn.

Ìmọ̀ àṣà náà tún ṣe kókó nínú iṣẹ́ yìí. Ní 2020, ilé-iṣẹ́ Hi-Rez ní Amẹ́ríkà fi Ọlọ́run àti Yemọja kún àwọn tó ń jà nínú eré Smite. Aṣàyẹ̀wò òkèèrè lè sọ bí agbára wọn ṣe pọ̀ tó nínú eré. Ọmọ Yorùbá ló lè sọ pé Ọlọ́run kì í ṣe òrìṣà láàárín àwọn òrìṣà, pé a kì í gbẹ́ ère rẹ̀, a kì í sì í kọ́ ojúbọ fún un, nítorí náà sísọ ọ́ di jagunjagun tí ẹlòmíràn lè pa lórí pápá tako ohun tí àwọn baba ńlá gbàgbọ́. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni àyẹ̀wò ń rí gbà lọ́wọ́ ẹni tó mọ ilé.

Ohun tí ìtàn yìí fi kọ́ni kò fara sin. Àyẹ̀wò tó dára ń sọ ẹ̀rọ tí wọ́n fi gbá eré náà àti ibi tí wọ́n gbá a dé. Ó ń ṣàpèjúwe ohun tí ọwọ́ ń ṣe àti ohun tí ojú ń rí kí ó tó dájọ́. Ó ń fi eré wé irú rẹ̀. Bí aṣàyẹ̀wò bá gba eré náà lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí tí ó gba owó, ó ń sọ ọ́ ní gbangba. Bí ó bá fún un ní máàkì, ìdí máàkì náà wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìròyìn kò tó àfojúbà, ṣùgbọ́n ẹni tí kò lówó láti fojú ba gbogbo rẹ̀, ìròyìn olóòótọ́ ni yóò gbà á. Àwọn ọmọ ilé ìwé Ludlow ṣe é fún odindi Britain láti ìlú kékeré. Kí àwọn ọ̀dọ́ Gànmọ́ àti Òmù-Àrán tó ń jiyàn géèmù lálaalẹ́ mú gègé, kí wọ́n kọ iyàn náà sílẹ̀ ní èdè Yorùbá, kí ẹni tó fẹ́ ra géèmù lè rí i kà.